Ẹ Bi Wá: Ta Ló Ní Ìyàwó Ilé Kò Níṣẹ́?

Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ: obìnrin Kristẹni tó fẹ́ fi ilé àtàwọn ọmọ rẹ̀ ṣíwájú, tí ẹnu ayé ò jẹ́ kó rímú mí. A mú márùn-ún nínú wọn. Àwọn tó gùn, a gé wọn kúrú, a sì yọ ohun tó lè jẹ́ kí wọ́n dá ẹni tó kọ ọ́ mọ̀.

Màmá mi ò gbé fóònù mi mọ́

*Báǹkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn kí n tó bí ọmọ kejì. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mò ń jáde, aago mẹ́jọ alẹ́ ni mò ń wọlé, ọmọ ọ̀dọ̀ ló mọ ohun tí ọmọ mi jẹ. Èmi àti ọkọ mi gbàdúrà sí i, a fẹnu kò, mo kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Látọjọ́ náà ni màmá mi ti ń bínú. Wọ́n ní àwọn ò tìtorí àtifọ abọ́ ta ilẹ̀ rán mi lọ sí yunifásítì. Àwọn tá a jọ ṣiṣẹ́ náà ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí WhatsApp. Ṣé mo ti ṣìṣe ni?* — Ìyá Ọmọ Méjì, Ìbàdàn

Rárá, ẹ ò ṣìṣe. Àmọ́ màmá yín náà kì í ṣe ọ̀tá yín. Nílẹ̀ wa, obìnrin tí kò ní kọ́bọ̀ tirẹ̀ lọ́wọ́ ló ń jẹ ìyà tó pọ̀ jù. Màmá yín ti rí opó tí ẹbí ọkọ kó ẹrù rẹ̀ síta. Wọ́n ti rí ẹni tí ọkọ fẹ́ ìyàwó míì lé lórí, tí kò rí owó ọkọ̀ tó máa gbé e délé bàbá rẹ̀. Ẹ̀rù yẹn ló ń bà wọ́n, ìbínú ni wọ́n fi ń bò ó. Bí ẹ bá wá ń ka Títù orí kejì, tó ní kí àwọn ọ̀dọ́bìnrin máa tọ́jú ilé, sí wọn létí, ẹ ò tíì dáhùn ohun tí wọ́n ń bèèrè. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni pé: lọ́jọ́ tí nǹkan bá yí padà, kí lọmọ mi máa jẹ?

Ọ̀dọ̀ yín àti ọkọ yín ni ìdáhùn yẹn wà, orí ìwé ló sì yẹ kó wà. Ẹ jókòó lálẹ́ ọjọ́ kan kí owó oṣù tó wọlé, ẹ kọ gbogbo owó tó jáde láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ pín owó ilé ọdún kan sí 12, kí ẹ pín owó ilé ìwé táàmù kan sí mẹ́rin. Ìdí tí a fi ní mẹ́rin ni pé táàmù mẹ́ta ló wà nínú oṣù 12. Ẹ̀yìn náà ni kí ẹ wá kọ ohun tí iṣẹ́ báǹkì ń ná yín: owó ọkọ̀ tàbí epo, oúnjẹ ọ̀sán, aṣọ iṣẹ́, owó ọmọ ọ̀dọ̀, àwọn ìdáwó tí kì í tán ní ọ́fíìsì. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú owó oṣù tí ẹ ń gbà tẹ́lẹ̀. Ohun tó kù ni ihò tí ẹ máa dí, ó sì sábà máa ń kéré sí bí ọkàn ṣe rò ó. Síbẹ̀, ihò ni. Ẹni tó bá ní Ọlọ́run á pèsè láìtíì mọ bí ihò náà ṣe jìn tó, ìdààmú ló fẹ́ fi ara rẹ̀ sí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni owó ọwọ́ yín. Kí ó ní iye, kí ó máa wọ àkáǹtì tó jẹ́ orúkọ yín nìkan lọ́jọ́ tí owó oṣù bá wọlé, kí ọkọ yín má sì bèèrè ohun tí ẹ fi ṣe. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ owó oúnjẹ. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń dàrú. Bí obìnrin ò bá ní owó ọwọ́, á máa jí díẹ̀díẹ̀ bù nínú owó ọbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọkọ bá rí ìwé báǹkì tó fi pamọ́, irọ́ ni ọkọ máa rí níbẹ̀, kò ní rí ìfowópamọ́. Owó kékeré tó wà ní gbangba sàn fún yín ju èyí tó pọ̀ ní kọ̀rọ̀ lọ.

Ẹ má sì ba ọ̀nà tí ẹ gbà jáde jẹ́. Bí ẹ bá wà nínú ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó (ICAN) tàbí ti àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì (CIBN), ẹ máa san owó ọdọọdún yín nìṣó, torí pé àtisan gbèsè ọdún mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà ti lé ọ̀pọ̀ èèyàn sẹ́yìn. Owó ìfẹ̀yìntì tí báǹkì ti san fún yín ṣì jẹ́ tiyín. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 gba ẹni tí kò tíì pé 50 ọdún láyè láti gba ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ bó bá ti lo oṣù mẹ́rin láìríṣẹ́ míì. Ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí ẹ má fọwọ́ kàn án, àfi bí oúnjẹ bá fẹ́ tán nílé.

Ní ti màmá yín, ẹ má fi fóònù yanjú rẹ̀. Ẹ̀yin àti ọkọ yín ni kí ẹ jọ lọ. Kí ọkọ yín dọ̀bálẹ̀, kí ó kọ́kọ́ dúpẹ́ pé wọ́n ta ilẹ̀ torí yín, kí ó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ètò tí ẹ ti ṣe, pẹ̀lú iye owó. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ò tó fún ìyá tó tajà dàgbà. Iye ló ń fẹ́ gbọ́. Ẹ tún bi ara yín léèrè: ṣé ẹ máa ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí wọn lóṣooṣù nígbà tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, owó tiwọn náà ti dá dúró, ojú ò sì ní jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ mọ́ ìnáwó ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ ìdajì ti tẹ́lẹ̀.

Àwọn ti WhatsApp? Ẹ kúrò nínú gúrúùpù náà.

Owó oúnjẹ kì í tó

*Lójoojúmọ́ ni ọkọ mi ń fún mi lówó oúnjẹ kó tó jáde. Àwa méjì àti ọmọ mẹ́ta ni. Kì í tó. Àwọn àbúrò ọkọ mi ní mi ò mọ owó ná, pé ẹni tó jókòó sílé yẹ kó lè ṣètò. Ó ń dùn mí torí mo fẹ́ ṣe é dáadáa.* — Abímbọ́lá, Òṣogbo

Ọwọ́ yín kọ́ ni àbùkù wà. Owó ojoojúmọ́ ni. Ẹni tó ń gba owó lójúmọ́, ìṣọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé ló ti ń ra ìrẹsì ní agolo, epo ní ìgò kékeré, ata ní igbá kékeré. Ọwọ́ ẹni tó ra àpò tó sì ń tún un tà lẹ ti ń rà á, èrè rẹ̀ ò sì lè ṣàì wà lórí rẹ̀. Ẹ bẹ ọkọ yín kó kọ́kọ́ sọ ọ́ di ti ọ̀sẹ̀, fún oṣù méjì. Bí ẹ bá fi ìwé hàn án lópin oṣù kejì, ti oṣù ò ní ṣòro fún un. Ẹ má fi ti oṣù bẹ̀rẹ̀ o: ẹni tí kò tíì lo owó ọ̀sẹ̀ kan rí, ọjọ́ kejìdínlógún ni ti oṣù á tán lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ẹ tó lọ sọ́jà, ẹ wọn ohun tí ilé yín ń jẹ. Agolo mílíìkì ni ẹ fi wọ̀n. Ká ní ẹ̀yin márààrún ń jẹ agolo ìrẹsì mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, tí ẹ sì ń sè é lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀: 12 lọ́sẹ̀, 48 lọ́sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ fi mẹ́rin kún un torí àlejò, ó di 52. Ẹ ṣe ti ẹ̀wà, gààrí àti èlùbọ́ bẹ́ẹ̀ náà, kí ẹ kọ ọ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Bí ẹ bá wá dọ́jà, ẹ yí kóńgò ìyá ọlọ́jà padà kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Àwọn kan máa ń fi òòlù lu ìdí kóńgò wọnú, ojú rẹ̀ á ṣì kún, ṣùgbọ́n agolo kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ ti dín nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ ra nǹkan lọ́wọ́ ẹnì kan, ẹ fi agolo yín wọ̀n ọ́n nílé. Bó bá pé, ẹ ti rí oníbàárà nìyẹn.

Ohun tí kì í bàjẹ́ kíá ni kí ẹ fi owó ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ rà: ìrẹsì, ẹ̀wà, gààrí, èlùbọ́, epo, iyọ̀. Ẹja, ẹran àti ata, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀fọ́, lọ́jọ́ tí ẹ máa sè é. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn, torí gáàsì kì í sọ̀rọ̀ kó tó tán. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ rọ gáàsì sára sìlíńdà, ẹ ó mọ iye ọjọ́ tó ń lò, kò sì ní bá yín lójijì mọ́.

Rírà lápọ̀ tún ní ewu tirẹ̀: ẹ̀wà. Kòkòrò ẹ̀wà ti yé ẹyin sára hóró látoko tàbí láká, ọmọ rẹ̀ ló ń lu ihò wọnú tó sì ń jẹ inú rẹ̀. Ihò tí ẹ ń rí lára ẹ̀wà, ibi tó gbà jáde ni. Torí náà, ẹ̀wà tó mọ́ lójú lónìí lè di ìyẹ̀fun lóṣù méjì. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ ṣa á, ẹ sá a sóòrùn títí hóró kan á fi máa fọ́ ká bí ẹ bá fi eyín gé e. Bó bá ṣì ń rọ̀, omi wà nínú rẹ̀, á bu nínú kẹ́ẹ̀gì. Ẹ fọ kẹ́ẹ̀gì, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ fún ọjọ́ méjì kó gbẹ dénú. Kí ẹ̀wà tutù kí ẹ tó rọ ọ́ sínú rẹ̀. Ẹ máa gbọ̀n ọ́n bí ẹ ṣe ń rọ ọ́, kí ó kún dé ọrùn, torí atẹ́gùn tó bá ṣẹ́ kù lókè ni kòkòrò á máa mí. Ẹ fi nylon dí ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó dé e pa, ẹ má sì ṣí i fún oṣù kan. Kòkòrò tó bá wà níbẹ̀ á lo atẹ́gùn náà tán, á sì kú.

Kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún mẹ́rin tàbí márùn-ún sàn ju ẹyọ kan tó jẹ́ lítà 25. Ìgbàkigbà tí ẹ bá ṣí ńlá, atẹ́gùn tuntun ń wọlé. Kékeré, ẹ̀ ń jẹ ọ̀kan tán kí ẹ tó kan òmíràn. Ẹ má da ẹ̀wà tuntun lé èyí tó ṣẹ́ kù. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín láti fọ́n apakòkòrò tí wọ́n ń pè ní dichlorvos sí i. Májèlé ni, kì í tán lára hóró bí ẹ bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ní 2019 ni NAFDAC fòfin de títà ìgò kékeré rẹ̀ lọ́jà, àmọ́ àwọn kan ò yéé lò ó. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn tí kò jọ ti ẹ̀wà lára ẹ̀wà, ẹ dá a padà.

Ata: ẹ lọ̀ ọ́, ẹ sè é títí omi rẹ̀ á fi gbẹ, ẹ da epo sí i, ẹ dín in títí epo á fi léfòó. Kó tutù pátápátá kí ẹ tó bù ú sínú ike, ìwọ̀n ọbẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá dé e nígbà tó ṣì gbóná, ooru á di omi lábẹ́ ọmọrí, omi yẹn ló ń mú un kan. Níbi tí iná ò ti dúró, ọ̀sẹ̀ kan ni kí ẹ fọkàn sí, kì í ṣe oṣù kan.

Ìwé tí ẹ máa fi han ọkọ yín, ojú ìlà mẹ́ta tó: ọjọ́, ohun tí ẹ rà, iye. Àwọn àbúrò ọkọ ò ní láti rí i.

Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù mi ń bá Ọlọ́run jà

*Mo ń ta aṣọ òkè àti léèsì n'Íjẹ̀bú-Òde. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ ní obìnrin tó bá fẹ́ wu Ọlọ́run, ilé ló yẹ kó wà, pé Bíbélì sọ bẹ́ẹ̀. Mo nífẹ̀ẹ́ ilé mi. Ṣé kí n ti ṣọ́ọ̀bù ni?* — Ìyá Aláṣọ

Títù 2:5 ní kí àwọn ọ̀dọ́bìnrin máa tọ́jú ilé. Kò ní kí wọ́n má tajà. Ẹ ka Òwe 31 látòkè délẹ̀. Ní ẹsẹ 15, obìnrin náà dìde nígbà tí ilẹ̀ ò tíì mọ́, ó fún àwọn ará ilé rẹ̀ lóúnjẹ. Ní ẹsẹ 16, ó wo ilẹ̀, ó rà á. Ní ẹsẹ 24, ó ṣe aṣọ, ó tà á. Aláṣọ bíi tiyín ni. Lídíà inú Ìṣe 16 ń ta aṣọ elésè àlùkò, ilé rẹ̀ ló sì gba Pọ́ọ̀lù àtàwọn tó bá a rìn sí. Pírísílà àti ọkọ rẹ̀ jọ ń pàgọ́ tà ni.

Ìyá ìjọ yẹn ò gbèrò ibi o. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n àwòrán obìnrin tó ń retí ọkọ tó lọ sí ọ́fíìsì, ilẹ̀ òkèèrè ló ti wá. Àwọn obìnrin Kristẹni ilẹ̀ Yorùbá ò tìtorí pé wọ́n gba Jésù fi igbá ọjà sílẹ̀. Nígbà tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àtàwọn obìnrin tó kàwé dá Abeokuta Ladies' Club sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ilé àti iṣẹ́ ọwọ́ ló wà lọ́kàn wọn. Àwọn obìnrin ọjà dara pọ̀ mọ́ wọn, ó di Abeokuta Women's Union ní 1946, ọ̀rọ̀ owó orí àwọn obìnrin sì mú kí Aláké kúrò lórí ìtẹ́ fúngbà díẹ̀ ní 1949. Ìkòkò ọbẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ìlú, ọwọ́ kan náà ló di méjèèjì mú.

Bó ti wù kó rí, ẹ yẹ ara yín wò. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ kọ aago tí àwọn ọmọ jẹun alẹ́, ẹni tó wo iṣẹ́ àṣetiléwá wọn, bóyá ẹ gbàdúrà pọ̀, àti bóyá ẹ̀yin àti ọkọ yín sọ ọ̀rọ̀ míì tó yàtọ̀ sí owó. Bí èyí tó pọ̀ jù bá ń bọ́, ẹ máa ti ṣọ́ọ̀bù ní wákàtí kan sí méjì ṣáájú. Wákàtí lẹ máa dín, ẹ má ti ṣọ́ọ̀bù pa.

Wọ́n ní ìtẹríba ni kí n fi gbà á

*Ọkọ mi máa ń lù mí. Mo sọ ọ́ ní ìjọ, wọ́n ní kí n túbọ̀ tẹrí ba, kí n máa gbàdúrà.* — Kò fẹ́ kí a kọ ìlú òun

Ẹ kúrò níbẹ̀ ná. Ibi tí ẹ bá ti wà láìléwu lẹ ti máa gbàdúrà. Orí kan náà, Éfésù 5, tí wọ́n fi ń bá yín sọ̀rọ̀ ìtẹríba, ní kí ọkọ fẹ́ràn aya bí ara òun fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń lu aya rẹ̀ ti kọ́kọ́ ya ojú ewé yẹn dànù. Òfin tó lòdì sí ìwà ipá, VAPP, ti wà láti 2015, Èkó ti ní tirẹ̀ láti 2007, àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá tó kù náà sì ti ṣe tiwọn.

Lọ́jọ́ tó bá ṣẹlẹ̀ gan-an ni kí ẹ lọ sí ọsibítù, kí dókítà kọ ohun tó rí sílẹ̀. Bó bá di ọjọ́ kẹta, wíwú ti lọ, ẹ̀rí ti dín. Ẹ ya fọ́tò ojú ọgbẹ́. Ẹ kó ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ, ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ẹ̀kọ́ yín lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe ẹbí ọkọ kí ẹ tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ fẹ́ lọ. A ti kọ̀wé sí yín lọ́tọ̀.

Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má jẹ́ kó mọ̀dí owó mi

*Ìyàwó mi ti wà nílé látìgbà tí a ti bí ìbejì, inú mi sì dùn sí i. Àmọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má fi orúkọ rẹ̀ sára nǹkan kan, pé obìnrin tí kì í mówó wálé kò ní ìpín. Onígbàgbọ́ ni mí, mo fẹ́ ṣe ohun tó tọ́.* — Bàbá Ìbejì, Abẹ́òkúta

Ẹ̀gbọ́n lẹ pè wọ́n, ẹ bọ̀wọ̀ fún wọn, àmọ́ ẹ má gbà á. Òwe 31:11 sọ pé ọkàn ọkọ rẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé e. Bí ìyàwó yín ò bá mọ ibi tí ìwé ilẹ̀ wà, ẹ̀yin lẹ ò tíì gbẹ́kẹ̀ lé e. Òun ló yááfì owó oṣù nítorí àwọn ọmọ yín. Ẹ̀yin náà gbọ́dọ̀ rí i pé yíyááfì náà ò sọ ọ́ di alágbe lọ́jọ́ tí ẹ ò bá sí mọ́.

Bí nǹkan ṣe rí nìyí. Nínú àṣà Yorùbá, bí ọkọ bá kú láìṣe ìwé ìhágún (will), àwọn ọmọ ló ń pín ogún, yálà ní ìdí-igi (ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan) tàbí ní orí-ò-jorí (ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀). Ìyàwó kì í ní ìpín tirẹ̀. Ìgbéyàwó tí òfin ìjọba mọ̀ ló ń yí èyí padà. Ọ̀pọ̀ rò pé bí pásítọ̀ bá ti so wọ́n pọ̀, ó ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì náà gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìjọba, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ́jísírà, kí ó lẹ̀ mọ́ ògiri fún ọjọ́ 21, kí wọ́n fún yín ní ìwé, kí ìgbéyàwó sì wáyé láàárín oṣù mẹ́ta tí ẹ forúkọ sílẹ̀. Ẹ lọ wo ìwé yín. Bó bá jẹ́ èyí tí ìjọ tẹ̀ fúnra wọn ni, ìbùkún lásán ló wà lórí rẹ̀. Ẹ ṣì lè jọ lọ sí rẹ́jísìrì báyìí láìṣe àríyá kankan.

Orúkọ ìyàwó yín tí ẹ kọ sí fọ́ọ̀mù báǹkì pé òun ni kí wọ́n pè, kò sọ ọ́ di ajogún. Ẹni tí wọ́n máa fi tó létí lásán ni. Ìwé ìhágún ló ń sọ ẹni tó ni ohun kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ ọ́. Ẹ fọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí àwọn náà fọwọ́ sí i. Ẹni tí ẹ fẹ́ fún ní nǹkan, tàbí ọkọ tàbí aya rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí, nítorí ìpín yẹn á bọ́. Àṣìṣe tó ba ọ̀pọ̀ ìwé ìhágún jẹ́ nìyẹn, torí pé ọ̀dọ̀ ẹni tó sún mọ́ wa jù lọ la ti ń wá ẹlẹ́rìí. Ẹ fi í sí ọ́fíìsì Probate, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ogún, ní Kóòtù Gíga, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ lọ́yà.

Ilẹ̀ tí ẹ bá rà láti ìsinsìnyí lọ, kí orúkọ yín méjèèjì wà lórí rìsíìtì àti lórí ìwé sọ́fè. Kí ẹ tún ṣí owó ìfẹ̀yìntì fún un. Láti 2019 ni PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, ti ní ètò fún àwọn tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ olówó oṣù. Ìwọ̀nba tí agbára yín bá ká lẹ máa san, apá kan wà tí ó lè gbà nígbà àìní, ìyókù di ìgbà ogbó.

Ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ bá parí, ẹ pe àwọn ẹ̀gbọ́n yín wá jẹun. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ sọ ọ́ fún wọn, níwájú ìyàwó yín: pé ìwé ìhágún wà, ẹni tó jẹ́ lọ́yà, àti pé ilé tí ẹ ń gbé, tiyín méjèèjì ni.